Ẹ̀kọ́ tí fóònù lè kà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mò ń fi èdè Faransé kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Mo máa ń ya ìwé ẹ̀kọ́ mi ní fọ́tò, mo sọ ọ́ di PDF, mo sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀kan nínú wọn kò ríran, ó ní fóònù òun kì í ka nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn yòókù ní ó ń jẹ mẹ́gà àwọn. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Fọ́tò yẹn ló fa méjèèjì. Lẹ́tà ni TalkBack tí ń kàwé sókè lórí Android mọ̀. Bó bá dé orí àwòrán, kì í sábà rí nǹkan kà. Fọ́tò ojú ìwé kan sì lè wúwo ju odidi orí ìwé tí a fi ọwọ́ tẹ̀ lọ.

Ẹ padà sídìí Word tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti sọnù, ẹ gbé PDF náà sí Google Drive, kí ẹ fi Google Docs ṣí i, yóò yọ lẹ́tà jáde. Ẹ wá fara balẹ̀ kà á, nítorí inú tábìlì àti àmì orí lẹ́tà Faransé ló ti sábà máa ń ṣìnà.

Ọ̀tọ̀ ni kí lẹ́tà nípọn, ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́ àkọlé. Nínú Word, ẹ yan "Titre 1" (Àkọlé 1) fún orí, "Titre 2" fún abẹ́ rẹ̀. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn yóò fi máa fò láti orí dé orí, dípò kó gbọ́ ojú ìwé 40 tán kó tó débi tó ń wá. Ẹ sì yan Faransé níbi "Langue", kí ohùn Gẹ̀ẹ́sì má baà máa ka Faransé fún un. Ìyẹn kì í ṣeé gbọ́ rárá!

Àwòrán wá ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí "Texte de remplacement" (ọ̀rọ̀ tó dípò àwòrán), ní èdè tí ẹ fi kọ ẹ̀kọ́ náà. "Àwòrán 3" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ àgbàdo tí kòkòrò jẹ, ẹ sọ pé ewé rẹ̀ lu wúruwùru, ìgbẹ́ kòkòrò sì kún inú ọkàn rẹ̀, torí ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dá mọ̀ nìyẹn. Ẹ má fi àwọ̀ pupa nìkan ya ìdáhùn tó tọ́ sọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i.

"Enregistrer sous" (fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí) ni kí ẹ fi sọ ọ́ di PDF. Bí ẹ bá gba "Imprimer" (tẹ̀ ẹ́ jáde) lọ, àkọlé tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí lè pòórá. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohùn kún un, mono (ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo) ní 32 kbps (ìwọ̀n dátà ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu: ìṣẹ́jú 20 kò ju mẹ́gà 5 lọ.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tan TalkBack lórí fóònù tiyín, kí ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ ojú ìwé méjì. Ẹ fi Word náà ránṣẹ́ pẹ̀lú PDF: ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè mú lẹ́tà Word tóbi kó sì tò wálẹ̀, ṣùgbọ́n ti PDF, yóò máa fà á sọ́tùn-ún sósì ni.