Ọ̀kẹ́rẹ́ Gba Oúnjẹ Ẹyẹ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ọgbà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹyẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Maryland fi ike kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n ń da ọkà sí fún ẹyẹ, mo sì so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gà wá, àdàbà wá, ológoṣẹ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àfi bí ọ̀kẹ́rẹ́ méjì ṣe sọ ọ́ di ilé wọn. Kóńgò bàbà kan kì í lo ọjọ́ mẹ́ta mọ́, wọ́n sì ti gé ẹnu ike náà jẹ. Ọmọ aládùúgbò ní kí n jẹ́ kí òun fi oògùn eku sí i. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Ẹlẹ́yẹ

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lé ọmọ yẹn àti oògùn eku rẹ̀ jìnnà. Ẹyẹ tí ẹ tìtorí rẹ̀ ra bàbà ló máa kú, adìẹ á tẹ̀ lé e, ajá tó bá sì gbé òkú ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ lè bá wọn lọ. Àwọn ọmọ tó ń fi kànnàkànnà pa ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ńkọ́?

Igi máńgòrò yẹn ni gbogbo wàhálà. Wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ẹ̀yin tún gbé oúnjẹ lọ bá a lókè. Ẹ ri òpó kan sí gbangba, níbi tí ẹ̀ka, ògiri tàbí okùn aṣọ ti jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú ti Amẹ́ríkà lè fò láti ilẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4. Ọ̀pọ̀ tiwa kéré sí i lára, ṣùgbọ́n n ò ní bá wọn ta tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí onípáànù ká páànù bí àrọ, kí ẹ dè é mọ́ òpó náà ní ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àká àgbàdo rí mọ páànù tí wọ́n fi ń dínà mọ́ eku lára òpó.

Èmi náà ti gbọ́n àgbọ́njù rí. Nílé mi ní Ṣàgámù, gírísì mọ́tò ni mo fi kun òpó. Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi yọjú wò mí. Lọ́jọ́ kẹta, àdàbà kan fara kàn án, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, kò lè fò mọ́. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi wẹ̀ ẹ́, inú agbọ̀n ló sùn mọ́jú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi kẹrosíìnì nu òpó náà kanlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ata. Ṣé ẹ ti rí bí ata wẹ́wẹ́ ṣe ń hù lábẹ́ igi láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín? Ẹyẹ ló jẹ ẹ́, tó yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbẹ̀. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Ọ̀kẹ́rẹ́, eku, èmi àti ẹ̀yin ló ń ta. Ẹ lọ ata gbígbẹ kúnná, ẹ fi òróró díẹ̀ pa bàbà lára kí ata lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì pò ó. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ o, kí ẹ má sì kọjú sí afẹ́fẹ́; ojú ara mi ni mo fi kọ́ ìyẹn. Bí òjò bá ti fọ ata náà, ẹ tún un pò.

Ní ti ike yẹn, ẹ fi agolo rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì tẹ etí rẹ̀ kó má gé ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Eyín ọ̀kẹ́rẹ́ kì í yé gùn, nǹkan ló gbọ́dọ̀ máa gé jẹ. Ìwọ̀nba tí ẹyẹ lè jẹ tán kílẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ máa dà. Ẹ gbá èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, torí eku ni yóò wá jẹ ẹ́, ejò a sì tẹ̀ lé eku.

Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ṣì ń ṣa ẹyìn lábẹ́ ọ̀pẹ, ẹ jẹ́ kó máa ṣà. Ẹ kọ̀wé sí mi tí ẹ bá ti gbé òpó náà ró, kí n gbọ́ ẹyẹ tó kọ́kọ́ bà lé e.