Ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere: èwo ni Ọlọ́run fi ń dá ènìyàn láre?

Ìbéèrè: Pọ́ọ̀lù ní nípa ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre láìsí iṣẹ́ òfin (Róòmù 3:28). Jákọ́bù ní nípa iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan (Jákọ́bù 2:24). Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́rìí kan náà ni wọ́n pè, ìyẹn Ábúráhámù, ẹsẹ kan náà ni wọ́n sì tọ́ka sí: Jẹ́nẹ́sísì 15:6, níbi tó ti gba Ọlọ́run gbọ́ tí a sì kà á sí òdodo fún un. Àsìkò tí kálukú ń wò nínú ayé bàbá yìí ló yàtọ̀.

Pọ́ọ̀lù ò kúrò ní orí 15. Ó béèrè pé, ṣé kí Ábúráhámù tó kọlà ni a kà á sí olódodo ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni ọdún 86 ni nígbà tí Hágárì bí Íṣímáẹ́lì, ó sì ti pé 99 kó tó kọlà. Orí 15 sì ti ṣẹlẹ̀ kí Hágárì tó lóyún rárá. Ó ju ọdún 13 lọ tó fi jẹ́ olódodo lójú Ọlọ́run láìkọlà. Bẹ́ẹ̀, ìkọlà gan-an ni àwọn kan fẹ́ fi dandan mú àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́ ní Gálátíà. Pọ́ọ̀lù ò sì fi mọ sórí ìkọlà: ó ní ẹni tó ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ni. Ọlọ́run ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Jákọ́bù ní tirẹ̀ rìn dé orí 22, nígbà tí Ísáákì ti dàgbà débi tó ń ru igi ẹbọ gun òkè. Àwọn tó ń bá wí ò wá ìkọlà kiri. Ẹnu lásán ni tiwọn. Arákùnrin kan wà ní ìhòòhò, ebi ń pa á, wọ́n ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kó yó, wọn ò sì fún un ní nǹkan kan. Ìgbàgbọ́ orí ahọ́n yìí, Pọ́ọ̀lù náà ò ní gbà á: ìgbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nípa ìfẹ́ ni tirẹ̀ (Gálátíà 5:6).

Olè orí àgbélébùú, tí àwọn kan ní ó rí ìgbàlà láìṣe iṣẹ́ rere kankan, ńkọ́? Ẹ tún Lúùkù 23 kà: ó bá èkejì rẹ̀ wí, ó gba ẹ̀bi ara rẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé Jésù ò ṣe ohun àìtọ́ kan. Fún ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi, mi ò mọ ohun tí à bá tún ní kó ṣe.

Mi ò ní sọ pé àṣìgbọ́ lásán ni ìjà àwọn ìjọ lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Martin Luther, tí àwọn ìjọ Luther ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ wá, ní èso ìdáláre ni iṣẹ́ rere. Lọ́dún 1547, Àpérò Trent, ìyẹn ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, fèsì pé kì í ṣe èso nìkan, pé ó ń mú kí òdodo tí ènìyàn ti gbà pọ̀ sí i. Àpérò yìí kan náà sọ pé kò sí ohun tó ṣáájú ìdáláre, ìbáà ṣe ìgbàgbọ́ ìbáà ṣe iṣẹ́, tó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ẹni. Àwọn tó ń bú Trent kì í sábà kà á débẹ̀. Ní October 31, 1999, Kátólíìkì àti àwọn ìjọ Luther tọwọ́ bọ ìwé ní Augsburg, ní Jámánì, pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nínú ìgbàgbọ́, ni Ọlọ́run fi gbà wá, kì í ṣe nítorí ohun rere kan tí a ṣe. Ọ̀rọ̀ èrè ṣì wà nílẹ̀. Kátólíìkì ní iṣẹ́ rere ẹni tó wà nínú oore-ọ̀fẹ́ ní èrè ní ọ̀run. Àwọn ìjọ Luther ní bí a tilẹ̀ pè é ní èrè, ìlérí tí Ọlọ́run mú ṣẹ ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fiṣẹ́ gbà.