Ọmọ Mi Kì í Gbé Fóònù Sílẹ̀ Lóru: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Pààlà fún Un?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 15, SS1 ló wà. Títí di aago 2 òru ló máa ń tẹ fóònù, jíjí lọ síléèwé wá di ogun. Bàbá rẹ̀ gba fóònù náà, ó ní ó di oṣù méjì. Kò pẹ́ tí màmá bàbá rẹ̀ fún un ní òmíràn. Èmi máa ń yọ́ ka WhatsApp rẹ̀. Ó ká mi mọ́ ọn, ó yí nọ́ńbà tó fi ń tì í padà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe lè pààlà fún un tí a ò ní dọ̀tá? Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, yíyọ́ ka WhatsApp ló kàn mí jù, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2000, Håkan Stattin àti Margaret Kerr, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 14 ní Sweden. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí òbí ti ń rí ohun tó mọ̀ nípa ìrìn ọmọ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ṣíṣọ́ ọmọ kò mú nǹkan púpọ̀ wá. Sweden kì í ṣe Ìbàdàn, àmọ́ ohun tí èmi náà ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ìyá tó ń yọ́ wo fóònù lè mọ orúkọ ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kó má mọ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tirẹ̀ níléèwé.

Ẹ sọ fún un pé ẹ kò ní yọ́ wò ó mọ́, kí ẹ sì sọ ohun tó lè mú yín béèrè fóònù náà ní gbangba: owó tí kò lè sọ ibi tó ti wá, àjèjì tó ń béèrè àwòrán ìhòòhò, ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ọ̀rọ̀ pé ayé sú òun. Bí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ wò ó níṣojú rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 fún ọmọ tí kò tíì pé 18 ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀, ṣùgbọ́n òbí ṣì ní àṣẹ láti bójú tó ìwà ọmọ bó ṣe yẹ.

Ó kan oorun. Wọ́n ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Tiyín yìí, àìsùn gan-an ló ń wá! Ẹ má wulẹ̀ lé e wọ yàrá ní aago 8, torí oorun kì í tètè kun ọmọ tó ń bàlágà bíi ti ọmọdé. Wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò. Bó bá ń jí ní aago 6, a jẹ́ pé ní aago 10 alẹ́, kí gbogbo fóònù ilé wà ní pálọ̀, títí kan ti bàbá. Bó bá jẹ́ òru ni wọ́n ń mú iná wá ládùúgbò yín, pálọ̀ náà ni kí wọ́n ti máa ṣáàjì.

Ẹ sì bi í léèrè irú dátà tó ń rà. Dátà òru dínwó, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dúró dè kí wọ́n tó dáúnlóòdù fídíò. Bí ẹ bá ń ra dátà ọ̀sán díẹ̀ fún un lọ́sẹ̀, ìjà náà lè rọlẹ̀ láìsí ìwàásù kankan.

Oṣù méjì ti pọ̀ jù. Ọmọ tí wọ́n ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ohun tó tún ń ṣọ́ra fún. Bó bá rú òfin aago 10, kí fóònù wà lọ́wọ́ yín títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kó parí síbẹ̀. Kó ti mọ ìjìyà yìí kó tó ṣẹ̀. Ẹ jọ jókòó sọ ọ́, kó dá sí i, àní kó dúnàádúrà: Jímọ́ àti Sátidé lè di aago 11. Àwọn bàbá kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n á ní ọmọ wo ló ń bá bàbá rẹ̀ nájà. Ṣùgbọ́n apá ọpọlọ tí à ń fi rò ó kí a tó ṣe é ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó rò ó nílé, níta ni yóò ti kọ́ ọ. Ibi tó ń lọ, ẹni tí wọ́n jọ lọ àti ìgbà tí yóò dé, kò sí dúnàádúrà níbẹ̀. Irun rẹ̀ àti orin rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ó ku màmá àgbà. Ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ lọ bá wọn o. Bó ti wù kí ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́ tó, ìyàwó tó fẹ́ gba ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ wọn ni wọn yóò gbọ́. Ọkọ yín ni kó lọ, kó mú nǹkan dání, kó sì bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá fẹ́ fún ọmọ náà lóhunkóhun, ọwọ́ òun ni kí wọ́n fi rán an.