Èsì: Oúnjẹ alẹ́ fún ogójì èèyàn lẹ́yìn ìdíje ọkọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará wa ní Southampton. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ onígbòkun yín máa dáná fúnra wọn fún nǹkan bí èèyàn 40, kí owó rẹ̀ má sì wọ́n.

Ẹ gba owó ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì san títí alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ má ra nǹkan fún un. Ká se fún 40 kí 25 yọjú, ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Oúnjẹ ìkòkò ló dáa, kì í ṣe ẹran díndín tí èèyàn á máa dúró tì. Ìrẹsì kílò mẹ́rin tó yín. Ẹ fi ẹ̀wà kún un kí ẹran lè dín kù. Ẹ ti se ọbẹ̀ ata sínú fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ọkọ̀ á pẹ́ lójú omi, nítorí náà ẹ má gbé e kaná àfi tí ẹ bá rí ìgbòkun àkọ́kọ́ tó ń bọ̀. Ìrẹsì tó bá wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́ lè da inú èèyàn rú. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan.

Ẹ kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, pàápàá ẹ̀pà, wàrà àti edé, nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà wọ́n.

Lójú tèmi, ẹni tó dáná kò gbọdọ̀ fọ abọ́. Ẹ yan ẹlòmíì síbẹ̀, kí alásè sì jẹun lọ́fẹ̀ẹ́.