Ewé tí ikán fi ẹrẹ̀ bò: ṣé kí n da oògùn sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń tọ́ àwọn igi kéékèèké dàgbà lábẹ́ ìbòòji igbó ńlá. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni ikán ti ń fi ẹrẹ̀ bo àwọn ewé tó já bọ́ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí n kò fi ní rí ewé náà mọ́. Mo fẹ́ kí ewé yìí jẹrà kó lè ṣe ilẹ̀ mi lóore. Ṣé kì í ṣe pé ikán ń kó ọ̀rá ilẹ̀ mi lọ ni? Ṣé kí n da oògùn sí wọn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì da oògùn kankan sílẹ̀. Ewé yẹn kò sọnù. Jíjẹrà tí ẹ ń fẹ́ gan-an ló ń jẹrà, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń lọ, níbi tí ojú kò tó.

Ẹ jí ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì rọra ṣí èépá ẹrẹ̀ kan kúrò lórí ewé. Ẹ óò rí àwọn ikán òṣìṣẹ́ tí ara wọn funfun, ẹ óò sì rí etí ewé náà tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Ara wọn fẹ́lẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè tètè pa wọ́n, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé erùpẹ̀ tútù láti ìsàlẹ̀ wá, tí wọ́n fi itọ́ pò ó, tí wọ́n sì fi ṣe òrùlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí òjò bá padà dé, yóò fọ òrùlé yìí túká sórí ilẹ̀ yín. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ẹ kò fi ọkọ́ kàn ti di erùpẹ̀ òkè nìyẹn.

Ewé gbígbẹ le púpọ̀, ikán nìkan kò sì lè dá a dà nínú ìfun rẹ̀. Àwọn ikán kan ní ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín nínú ìfun tó ń bá wọn ṣe é. Àwọn mìíràn ń dáko, èyí sì ni ohun tó wú mi lórí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ á gbé ewé mì, á yà á jáde láìtíì dà tán, á sì fi ìgbẹ́ yìí mọ ohun kan tó ní ihò wúruwùru bíi kànìnkànìn sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Orí rẹ̀ ni irú olú kan ti ń hù, tí ó ń tú okùn líle inú ewé palẹ̀, kí àwọn ikán tó wá jẹ ẹ́ padà. Àwọn olú ńláńlá tó ń yọ lórí òkìtì ọ̀gán nígbà òjò, inú oko yìí ni gbòǹgbò wọn wà. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà nìkan ni a ti ń rí irú ikán adáko bẹ́ẹ̀.

Pé ìgbà ẹ̀rùn ni ẹ rí wọn jẹ́ ohun pàtàkì. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, àwọn olú àti bakitéríà tó ń jẹ ewé lórí ilẹ̀ a máa rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ikán ń pọn omi tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Nínú igbó Maliau ní erékùṣù Borneo, àwọn onímọ̀ dín ikán kù ní àwọn ibì kan, wọ́n sì fi ibòmíràn sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ọ̀dá líle ti ọdún 2015 sí 2016 bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé níbi tí ikán pọ̀ sí lásìkò ọ̀dá náà, ewé tètè jẹrà, ilẹ̀ tutù jù, igi kéékèèké tó yè sì pọ̀ jù.

N kò ní sọ pé gbogbo ọ̀rá ewé náà ni yóò padà sídìí igi yín lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan ń di afẹ́fẹ́, apá kan sì ń wà nínú ọ̀gán títí òjò yóò fi wó o díẹ̀díẹ̀, tàbí títí èsúnsún yóò fi fò jáde tí ẹyẹ àti èèrà yóò sì kó wọn jẹ káàkiri igbó.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìdí àwọn igi kéékèèké yín. Bí ẹrẹ̀ bá gun ara igi, ẹ ha á kúrò. Bí ó bá jẹ́ èèpo tó ti kú nìkan ni wọ́n jẹ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti jẹ èèpo tútù yí ìdí igi ká, ìtọ́jú igi yẹn nìkan ni kí ẹ mójú tó: ẹ kó igi gbígbẹ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín, nítorí igi tí òùngbẹ ti mú ni wọ́n sábà máa ń kọlù.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ wọn ewé gbígbẹ ní ìwọ̀n kan náà sínú àpò àwọ̀n méjì. Kí ihò ọ̀kan kéré débi tí ikán kò fi lè wọlé, kí ti èkejì sì fẹ̀. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún oṣù kan nínú ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà kí ẹ gbọn ẹrẹ̀ ara wọn dànù, kí ẹ sì tún wọ̀n wọ́n. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín àpò méjèèjì ni yóò fi iṣẹ́ ikán hàn yín.