Dókítà ní kí n lọ máa ya àwòrán nítorí ìbànújẹ́ mi, ṣé ẹ̀sìn gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Àṣàlàámù aléékùm Alfa wa. Ọmọ mi kan kú ní bí ọdún kan sẹ́yìn, látìgbà náà oorun ò kùn mí mọ́, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́ ni ọ̀fun mi á dí. Dókítà wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ nkan tí wọ́n ń pè ní art therapy, pé màá máa ya àwòrán, màá máa fi amọ̀ mọ nkan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o. Mi ò mọ àwòrán yà rárá, mo sì gbọ́ pé àwọn ayàwòrán ni ìyà wọn máa le jù lọ́jọ́ àjíǹde. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé ká ní ìmáànì mi pé ni, Kùránì ti tó mi. Kí ni wọ́n máa ṣe fún mi níbẹ̀, ṣé mo lè lọ?

ÌDÁHÙN: Wa aléékùmù sàlámù wàráhmótuLlọ́hi wàbàrákátúhù. Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú, kí Ọlọ́hun fi ọmọ náà ṣe olùṣìpẹ̀ fún yín lọ́jọ́ tí kò ní sí aláàánú míì. Kí n má dá ọkàn yín dúró, ẹ lè lọ, ó kàn ní àwọn nkan tí ẹ máa kíyèsí ni, mo sì máa sọ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ìmáànì yín ò pé yẹn ló kọ́kọ́ dùn mí jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ànábì Yáákúbù, Ànábì Ọlọ́hun ni, bàbá Ànábì ni, síbẹ̀ nínú Súúrà Yúsúfù, áyà 84, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló sọ fún wa pé ojú rẹ̀ méjèèjì di funfun nítorí ìbànújẹ́ ọmọ. Ta ló máa wá sọ pé ìmáànì Yáákúbù ò pé? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí Íbúráhíímù ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, omi dà lójú rẹ̀, ó ní ojú ń sunkún, ọkàn sì ń bàjẹ́, àwọn ò sì ní sọ nkankan àyàfi ohun tí Olúwa àwọn bá yọ́nú sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá wa Áíṣà, aya Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, tí ẹnìkan bá kú nínú àwọn ará ilé rẹ̀, á ní kí wọ́n se tálíbínà, ògì tí wọ́n ń fi ọkà báálì ṣe, á ní kí àwọn obìnrin tó kù nílé jẹ ẹ́, torí ó gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ó máa ń fi ọkàn aláìsàn balẹ̀, ó sì máa ń mú díẹ̀ lọ nínú ìbànújẹ́. Búhárì, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, jọ, ló gbà á wá. Ṣé ẹ rí i? Ilé olóòkú ni, ilé tí wọ́n ti ń ka Kùránì ni, wọ́n sì tún ń fi nkan àfọwọ́ṣe tọ́jú ìbànújẹ́. Ànábì kan náà ló sọ pé ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ máa wá ìtọ́jú, pé Ọlọ́hun ò sọ àìsàn kan kalẹ̀ àfi kó sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú, àyàfi ogbó. Ẹ máa ka Kùránì yín, ẹ má fi sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Kùránì dí ọ̀nà ìtọ́jú mọ́ yín.

Ó dáa, kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Mo bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa kí n tó dá yín lóhùn, torí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ mo rò pé eré ọmọdé ni. Ayàwòrán ará Bìrìtéènì kan tó ń jẹ́ Adrian Hill ló fún un lórúkọ lọ́dún 1942, òun fúnra ẹ̀ ni ikọ́ ife dá dùbúlẹ̀ síbi ìtọ́jú, ló bá ń ya àwòrán lórí ibùsùn, ó rí i pé ó ń gbé òun ró, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ síí fi ran àwọn aláìsàn yòókù lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é lónìí kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní yunifásítì, ìtọ́jú ọkàn ni wọ́n kọ́ mọ́ iṣẹ́ ọnà. Torí náà ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá, kì í ṣe àrífín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló máa pọ̀ jù. Wọ́n á bi yín pé kí ló gbé yín wá, báwo ni oorun yín, oògùn wo lẹ ń lò, kí lẹ fẹ́ kó yàtọ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé ohun tí ẹ bá sọ àti ohun tí ẹ bá yà, àárín yín méjèèjì ni, àyàfi tó bá hàn pé ẹ fẹ́ ṣe ara yín tàbí ẹlòmíì ní jàǹbá, ìgbà yẹn ni wọ́n lè sọ fún ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa rí i tí wọ́n to bébà, pẹ́ńsùlù, kréyọ́ọ̀nù, péńtì, amọ̀, àwọn àwòrán tí wọ́n ti gé látinú ìwé ìròyìn, wọ́n á ní kí ẹ mú èyí tó bá wù yín. Kò sẹ́ni tó máa fún yín ní máàkì. Kò sẹ́ni tó máa ní kó rẹwà. Tó bá jẹ́ ìlà lásán lẹ fà síwá sẹ́yìn títí àkókò fi tó, iṣẹ́ lẹ ṣe yẹn, tó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn jókòó wo bébà funfun ni, ìyẹn náà ò burú. Ó sábà máa ń tó wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀yin nìkan tàbí ẹ̀yin pẹ̀lú àwọn míì. Lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán, ẹ̀yin àti olùtọ́jú jọ máa wò ó ni, á ní ẹ sọ fún mi nípa eléyìí, kí ló dé tí ibí yìí ṣúdúdú, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín dé ibí. Ìdí nìyí tó fi bá ọ̀rọ̀ yín mu, arábìnrin mi, ẹ ní ọ̀fun yín máa ń dí, ọwọ́ á wá kọ́kọ́ gbé e jáde kí ẹnu tó lè bá a.

Ẹ tún mọ̀ pé ó lè dùn yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ lè délé kó rẹ̀ yín, kí ẹ sunkún tí ẹ ò sun látọjọ́ yìí. Ẹ má sá, ẹ sọ fún olùtọ́jú. Oògùn tí dókítà fún yín, ẹ má tìtorí eléyìí já a.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwòrán gan-an, ibi tí ẹ̀rù yín wà. Òótọ́ ni hádíìsì tí ẹ gbọ́, Búhárì àti Múslímù gbà á wá, mi ò sì ní rọ̀ ọ́ dànù nítorí yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ọkùnrin kan wá bá Íbínù Àbáàsì, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí òun àti bàbá rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun ń jẹ, àwọn àwòrán yìí lòun ń ṣe. Íbínù Àbáàsì ní kó súnmọ́ òun. Ó súnmọ́ ọn. Ó ní kó tún súnmọ́ òun, títí tó fi gbé ọwọ́ lé orí ọkùnrin yẹn, ìgbà náà ló tó sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì fún un, pé ẹni tó bá ya àwòrán, Ọlọ́hun á fìyà jẹ ẹ́ títí tó fi máa fẹ́ ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè fẹ́ ẹ láéláé. Àyà ọkùnrin yẹn já, àwọ̀ ojú ẹ̀ yí padà bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹ̀. Íbínù Àbáàsì wá ní, tó bá jẹ́ dandan kó ṣe é, kó máa ya igi, àti gbogbo nkan tí kò ní ẹ̀mí. Mo fẹ́ràn ọwọ́ tó gbé lé e lórí yẹn gan-an, torí ó ṣe é kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó le.

Torí náà igi, òkè, omi, ilé, òṣùpá, àwọ̀ lásán, ìlà, gbogbo ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún yín, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímímọ̀ ló fara mọ́ ọn. Èèyàn àti ẹranko ni kí ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn onímímọ̀ kan, pàápàá nínú mázíhábì Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òye òfin ẹ̀sìn, yà á sọ́tọ̀, wọ́n ní ère tó ní òjìji ló jẹ́ hàrámù, pé èyí tó wà lórí bébà kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tó fi ọkàn balẹ̀ ni mo ń sọ fún yín. Amọ̀ ló wá yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ọ̀rọ̀ ère le ju ti bébà lọ. Ẹ mọ ìkòkò, ẹ mọ òkúta, ẹ mọ ọ̀nà, kí ẹ tiẹ̀ kàn pò ó lásán náà ń ṣiṣẹ́. Tó bá wá ṣèèṣì jáde bí èèyàn, ẹ ṣe orí ẹ̀ kó má hàn, torí máláíkà Jíbírílù ló sọ fún Ànábì pé kí wọ́n gé orí ère tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó lè dà bí igi.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ ya ọmọ yín ńkọ́? Wọ́n lè dábàá ẹ̀, ire ni wọ́n gbà lérò. Ẹ sọ fún olùtọ́jú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an pé ẹ̀sìn yín ò jẹ́ kí ẹ ya nkan ẹlẹ́mìí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á gbà, torí fífi nkan kan dúró fún òmíràn ni iṣẹ́ wọn dá lé. Ẹ ya bàtà ọmọ náà. Ẹ ya ilẹ̀kùn tó máa ń gbà wọlé, ibùsùn ẹ̀, òjò ọjọ́ yẹn tó bá jẹ́ pé òjò rọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ ní lẹ́tà lárúbáwá kí ẹ sì fi àwọ̀ tó bá wá sí yín lọ́kàn kùn ún. Ànábì fúnra rẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ fún àwọn sàhábé, ó fa onígun mẹ́rin, ó fa ìlà kan láàárín ẹ̀ tó yọ jáde síta, ó fa àwọn kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ní ènìyàn nìyí, ọjọ́ ikú ẹ̀ ló yí i ká yẹn, ìrètí ẹ̀ ló yọ jáde síta, àwọn kéékèèké yẹn ni ìṣòro, tí ọ̀kan bá tàsé ẹ̀ òmíràn á bù ú ṣán. Íbínù Másúúdù ló sọ ọ́, ó wà nínú Búhárì. Mi ò sọ pé ìtọ́jú àwòrán nìyẹn o, ẹ̀kọ́ ló fi ń kọ́ wọn, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìlà lásán lè gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo.

Olùtọ́jú kì í ṣe aríran. Tó bá jókòó tó ń sọ fún yín pé dúdú tí ẹ kùn yìí túmọ̀ sí pé ẹnìkan ló pa ọmọ yín, tàbí pé ohun báyìí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀, ẹ dìde, yanrìn títẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú, ẹ sì mọ hádíìsì ẹni tó lọ bi aláwo léèrè pé ìrun ogójì òru ò ní jẹ́ àtẹ́wọ́gbà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ yà, ìbéèrè ni tiẹ̀.

Ẹ bèèrè fún obìnrin. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló wà, ẹ má jẹ́ kó ku ẹ̀yin àti òun nìkan sínú yàrá tí wọ́n tì, ẹ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, tàbí kí ẹ wà láàárín àwọn obìnrin míì, tàbí kí máhírámù yín, ìbátan ọkùnrin tí kò lè fẹ́ yín, wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun bá ti bò fún yín, kò pọn dandan kí ẹ tú u síta, ohun tó kan ìwòsàn yín ni kí ẹ sọ.

Ó ku àlùwàlá, ẹ ò bèèrè ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ẹ̀. Àwọ̀ pẹ́ńsùlù tàbí péńtì olómi tó jẹ́ pé àwọ̀ lásán ló kù lára, kò dí omi, ẹ kí ìrun yín. Péńtì tó bá gbẹ tó di èèpo lé ọwọ́, àti amọ̀ tó há sábẹ́ èékánná, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí omi lè dé awọ ara, torí Ànábì rí ọkùnrin kan tí ibi tó tó èékánná ò tutù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ní kó padà lọ ṣe àlùwàlá ẹ̀ dáadáa. Tí àkókò yín bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣe àlùwàlá kí ẹ tó wọlé, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan péńtì, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé tí àsáárì bá tó, ẹ máa fẹ́ ibi kékeré kan láti kí i.