Koríko wo ni kí n gbìn síwájú ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Iwájú ilé wa ní Ọ̀fà dagẹ̀rẹ̀ sí títì. Bí òjò bá ti rọ̀, á gbá erùpẹ̀ pupa ibẹ̀ lọ, ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì ti ń yọ síta. Mo rí àwọn koríko gíga tó ṣù jọ níwájú àwọn ilé kan ní Ìlọrin, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ní koríko á kó ejò wálé, pé kọnkéré ni ká dà sí i. Kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Omi tí kọnkéré ò bá jẹ́ kó wọlẹ̀, eré ló máa bá lọ sísàlẹ̀, ibi tí kọnkéré bá parí sí ló sì máa gbẹ́ kòtò sí. Ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.

Gbòǹgbò ni ilẹ̀ yín ń fẹ́. Vetiver, koríko gíga kan tó máa ń ṣù jọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í tàn kálẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀ lọ tààrà, ó lè jìn tó mítà 3. Ẹ tò ó ní ìlà kan tó dábùú ọ̀nà omi, kí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 wà láàárín ìdí kan sí èkejì. Bí omi bá dé ibẹ̀, á rọra, á sì já erùpẹ̀ tó rù sílẹ̀.

Lókè ìlà yẹn ni kí ẹ wá ẹwà sí. Koríko ọba tí à ń fi ewé rẹ̀ se tíì dára, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sáàárín wọn. Àmọ́ ẹ má gbìn ín sétí ibi tí àwọn ìbejì ń gbà sáré o, etí ewé rẹ̀ máa ń ya ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ó ń lé ẹ̀fọn; àfi tí ẹ bá rún ewé rẹ̀ ni òróró inú rẹ̀ tó ń jáde dáadáa. Fountain grass pupa wà pẹ̀lú, tí orí rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí ìrù ológbò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, pàápàá bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i lẹ́yìn. Ibi tí oòrùn ti ń pa á ni kí ẹ fi í sí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín hú koríko ẹ̀ẹ̀kan wá láti oko nítorí pé ọ̀fẹ́ ni! Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn, gbogbo ọgbà ló máa gbà.

Ní ti ejò, eku ló ń wá, abẹ́ ewé gbígbẹ tó wó bolẹ̀ sì ni eku ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ máa ṣa ewé gbígbẹ kúrò nídìí koríko yín, kí iná má baà ràn mọ́ ọn pẹ̀lú. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ fi àdá gé gbogbo rẹ̀ kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ má gbìn èyíkéyìí mọ́ ògiri tàbí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ gbìn. Bí owó ò bá tó, ẹ ra ìwọ̀nba. Tó bá di ọdún kejì, ẹ lè fi ọkọ́ la ìdí kan sí mẹ́rin, kí ẹ sì fi dí ibi tó bá ṣófo.